Okùn tí Adékànmí Yá Àna Rẹ̀

Bí ẹ bá gba ẹ̀yìn àwọn ìsọ̀ tó wà ní Boundary, ní Ajégúnlẹ̀, wọlé, tí ẹ sì yà fún àwọn oníkẹ̀kẹ́ tí kì í yà fún èèyàn, ẹ ó kan agboolé kan tí kànga wà láàárín rẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ béèrè Adékànmí níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó máa mọ ẹni tí ẹ ń wí. Bàbá Aláyùn ni kí ẹ béèrè. Wọ́n á fọwọ́ júwe yàrá tó wà ní ìkángun fún yín, èyí tí òórùn pẹtiróòlù ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ jáde. Yàrá yẹn kì í ṣe ti èèyàn o. Ti irinṣẹ́ ni. Yàrá tí òun àti ìyàwó rẹ̀ Nneka ń sùn wà lódìkejì, kò sì mọ́ tónítóní tó èyí.

Nneka ti sọ ọ́ títí ó ti sú u. Ó ní tí òun bá rí ìdajì ìtọ́jú tí àwọn ayùn yẹn ń rí gbà, òun ì bá ti sanra ju báyìí lọ. Ọkọ rẹ̀ á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, á máa bá tirẹ̀ lọ. Iṣẹ́ gígé igi ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n Adékànmí kì í gun igi. Òun ló ń tọ́jú ohun tí wọ́n fi ń gé e. Tí iṣẹ́ ọjọ́ bá parí, tí àwọn yòókù ń wá ibi tí wọ́n ti máa jẹun, ìgbà yẹn ni tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Á tú ayùn ẹlẹ́ńjìnì kọ̀ọ̀kan palẹ̀, á gbọn ìyẹ̀fun igi kúrò níbi tó ti ń mí, á yọ púlọ́ọ̀gì, á wo ẹnu rẹ̀ bóyá ó ti dúdú jù. Lẹ́yìn náà á gbé ṣéènì lé itan, á máa fi fáìlì pọ́n eyín rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́, bí ìyá tó ń di irun ọmọ. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ bá a po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù. Ó ní tí ọ́ìlì bá kéré, ẹ́ńjìnì á jóná. Tó bá sì pọ̀ jù, á máa rú èéfín, á wá kú sọ́wọ́ ẹni tó wà lókè. Ara àwọn jẹnẹrétọ̀ kéékèèké tí gbogbo Ajégúnlẹ̀ ń fi tan iná ló ti kọ́ ìyẹn, torí àtúnṣe jẹnẹrétọ̀ ló ń ṣe kó tó di pé iṣẹ́ igi gbà á mọ́ra.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo rẹ̀, okùn ni olórí. Ayùn tó bá kú lórí igi, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á fi òmíràn ránṣẹ́ sókè. Okùn kò fúnni ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Omi lásán ni Adékànmí fi ń fọ tirẹ̀, kò ní jẹ́ kí ọṣẹ kàn án, abẹ́ òjìji ló sì ń sá a sí. Tó bá gbẹ tán, á jókòó sórí àpótí, á di ojú méjèèjì, á máa fa okùn náà gba àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjá láti orí dé ìdí. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń wá ibi tó ti pẹlẹbẹ, tàbí ibi tó ti le gan-an. Èyí tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kò ní sùn lálẹ́ ọjọ́ náà kó tó gé e sí ọ̀nà mẹ́ta mẹ́rin, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi àṣìṣe gbé e lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ìyàwó ilé inú agboolé ló ń fi àjákù rẹ̀ sá aṣọ.

Alhájà Ràdíátù ló ni iṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ ló dá a sílẹ̀, nígbà tí ọkọ sì kú, tí gbogbo èèyàn ń retí pé yóò ta àwọn irinṣẹ́ dànù, obìnrin náà wé gèlè rẹ̀ le, ó wọ píkọ́ọ̀pù, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Àpápá GRA ló pọ̀ jù nínú ibi tí wọ́n ń lọ. Àwọn igi tí àwọn òyìnbó gbìn síbẹ̀ láyé ọjọ́un ti gbó, wọ́n ti tóbi ju àgbàlá lọ, ẹ̀ka wọn sì ti na ara sórí òrùlé àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Tí atẹ́gùn òkun bá fẹ́ díẹ̀, àwọn onílé á bẹ̀rẹ̀ sí í pe Alhájà.

Ebikabowei ló ń gun igi fún wọn. Ọmọ ẹ̀yà Ijaw ni bàbá rẹ̀, èbúté ló ti ń ru ẹrù nígbà ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí ọmọ náà sí, tó bá sì ń sọ Yorùbá, ẹ ò ní mọ̀ àfìgbà tí Píjìn bá já lù ú. Alhájà ò rójú pe orúkọ náà tán, Wei ló ń pè é. Adékànmí nìkan ló ń pè é látòkè délẹ̀. Ebikabowei náà mọ àgbà. "Ẹ̀gbọ́n" ló ń pe Adékànmí, kò sì sí ọjọ́ kan tó ṣi "o" lò fún un rí, ìbáà jẹ́ nínú eré, ìbáà jẹ́ nígbà tí inú bá ń bí i.

Wọ́n ní àṣà kan láàárín ara wọn, Adékànmí fúnra rẹ̀ ló sì dá a sílẹ̀. Kí Ebikabowei tó gùn rárá, wọ́n á ju okùn kọjá orí ẹ̀ka kan tó yi, wọ́n á so orí rẹ̀ mọ́ ara igi. Adékànmí á di ìdí rẹ̀ mú, á ká ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, á rọ̀ dirodiro lójú gbogbo èèyàn, á sì gbọn ara jìgìjìgì kó lè rí i dájú. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ní ikùn díẹ̀ níwájú. Àwọn máígádì á máa rẹ́rìn-ín. Kò kàn án. Ó ní, "Tí mi ò bá lè fi ara tèmi rọ̀ ọ́, kí ló dé tí ọmọ ẹlòmíràn á fi rọ̀ ọ́?" Ẹ̀yìn ìyẹn ni Ebikabowei máa tó de bẹ́líìtì, tí wọ́n á tú orí okùn kúrò lára igi, tí wọ́n á so ó mọ́ bẹ́líìtì náà, tí Adékànmí á sì máa dẹ ìdí rẹ̀ fún un láti ilẹ̀.

Òfin kejì ni pé irinṣẹ́ kì í jáde fún ẹnikẹ́ni. Nítorí òfin yìí ni Ifeanyi, tó máa ń kó ẹ̀ka fún wọn tẹ́lẹ̀, ṣe kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní àkàbà, kí ọ̀rẹ́ náà fi kun ògiri ilé. Àkàbà náà padà wá, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n Adékànmí bú u lójú pópó. Ó ní ẹni tó bá lè yá èèyàn ní irinṣẹ́ tí ẹ̀mí ẹlòmíràn wà lórí rẹ̀, olè ni, kódà ó burú ju olè lọ. Ifeanyi kàn kó aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀, kò sì padà wá mọ́. Gbogbo wọn ló gbọ́ ọ.

Ẹ rántí ìyẹn, kí ẹ tó gbọ́ ohun tí Adékànmí fúnra rẹ̀ ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan.

Nneka ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Adékànmí jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá irinṣẹ́, ó ń nu kábúrétọ̀ kan. Ni Ejike, àbúrò Nneka, bá já wọlé, òógùn bò ó, bàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀ dúdú. Tìrélà ni Ejike ń wà. Èbúté Tin Can ló ti ń bọ̀ pẹ̀lú kọ̀ńténà lẹ́yìn, nígbà tó sì fẹ́ yà fún kẹ̀kẹ́ kan, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ rì sínú gọ́tà. Ṣéènì tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ ti já. Àwọn ọmọ àdúgbò ti ń yí ọkọ̀ náà po, ẹ̀yin náà sì mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí kọ̀ńténà bá dá dúró níbi tí kò yẹ. Awakọ̀ kan ti gbà láti bá a fà á. Okùn ló kù.

Ojú Ejike ti wà lára ògiri kó tó sọ̀rọ̀ tán. Okùn gígùn tí Ebikabowei fi ń gun igi wà níbẹ̀, ó funfun, ó ká rọgbodo lórí ìkọ́ rẹ̀.

"Ínlọ́ọ̀, àbẹ́ẹ̀gì," ó ní. "Ẹ gbà mí. Kò ní pẹ́ rárá."

Adékànmí wo okùn, ó wo Ejike, ó wo Nneka tó dúró sẹ́yìn àbúrò rẹ̀, tó káwọ́ lé àyà, tí kò sọ nǹkan kan. Bóyá tí Nneka bá sọ̀rọ̀, ìbá rọrùn fún un láti kọ̀. Àna sì ni àna. Bí àna ẹni kéré tó ọmọ ọwọ́, ọ̀wọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ti Ejike tún yàtọ̀, torí nígbà tí bàbá wọn fárígá pé Nneka ò ní fẹ́ Yorùbá tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, Ejike yìí ló ń bá wọn lọ, tó ń bá wọn bọ̀, tó ń dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀ bíi pé òun gan-an ló fẹ́ fẹ́yàwó. Ẹnu wo ni Adékànmí fẹ́ fi sọ fún un pé okùn lásán, kò lè rí i lò? Ojú rẹ̀ ò gbà á. Ó mú okùn kúrò lórí ìkọ́ fúnra rẹ̀, ó nà án sí i.

"Ẹ ṣe pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ o," ló lè sọ.

Tìrélà tó ru kọ̀ńténà ni wọ́n fẹ́ fi fà jáde nínú gọ́tà, ó wá ní kí wọ́n ṣe pẹ̀lẹ́.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Ejike dá okùn padà. Inú rẹ̀ dùn, ó ra búrẹ́dì dání fún àwọn ọmọ agboolé, ó ń dúpẹ́ títí ó fi jáde. Okùn náà ti dúdú. Gíríìsì ti wọ inú rẹ̀, ẹrẹ̀ gọ́tà ti gbẹ mọ́ ọn lára. Adékànmí pọnmi, ó fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀. Dúdú náà ṣí díẹ̀, kò ṣí tán. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á gba ọwọ́ kọjá.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ìdí, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ibì kan wà níbẹ̀ tó ti pẹlẹbẹ, tó rọ̀ ju ibi yòókù lọ, bíi pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ti sá kúrò. Ó padà sẹ́yìn, ó tún ọwọ́ gbà á. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ó la ojú wò ó: òde okùn náà ò já, kò sí ohun tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè rí. Òun mọ̀ ọ́n.

Ọ̀bẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Kò mú un.

Nítorí tó bá gé e, ó di dandan kó pe Alhájà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Igi tí wọ́n fẹ́ gé lọ́jọ́ kejì ga, okùn kejì tí wọ́n ní kò gùn tó o. Alhájà á béèrè ohun tó ṣe okùn. Kí ló fẹ́ sọ? Pé òun tí òun lé Ifeanyi lọ nítorí àkàbà ni òun fi okùn fa tìrélà? Ara rẹ̀ ń gbóná bó ṣe ń rò ó. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ mọ bí èèyàn ṣe máa ń tan ara rẹ̀. Ó ní ìdí okùn ni ibi burúkú náà wà, ilẹ̀ ló máa wà lẹ́sẹ̀ òun, Ebikabowei ò ní lò ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ó ní okùn yìí ti gbé ìtí igi tó tóbi rí. Ó ní tí wọ́n bá parí iṣẹ́ ọ̀la, òun á rọra sọ fún Alhájà pé ó ti gbó.

"Ṣé okùn yín ò bàjẹ́?" Nneka béèrè látinú yàrá.

"Kò bàjẹ́," ó ní. Ó ká a, ó gbé e kọ́ padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, píkọ́ọ̀pù Alhájà gbé wọn wọ Àpápá GRA. Ilé náà jẹ́ ti obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Màdáàmù Lilian, ọ̀gá nílé iṣẹ́ tó ń kó ẹrù wọ̀lú. Ọ̀gánwó kan wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, igi tí èèyàn mẹ́ta ò lè gbá mọ́ra, ẹ̀ka rẹ̀ kan sì ti sùn sórí òrùlé bí ẹni tó ti rẹ̀. Màdáàmù jáde wá wò ó, ó ń bẹ̀rù. Ó béèrè bóyá kò ní séwu.

Alhájà rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí Adékànmí. "Ṣé ẹ rí ọkùnrin yẹn? Òun ló ń tọ́jú irinṣẹ́ wa. Ẹ fọkàn balẹ̀. Okùn tó bá ti ti ọwọ́ ẹ̀ jáde, èmi gan-an lè fi so ọmọ mi."

Ẹ wò ó, ó yẹ kí ilẹ̀ lanu nígbà yẹn. Adékànmí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dùn ún lẹ́rẹ̀kẹ́. Wọ́n ti ju okùn kọjá lórí ẹ̀ka. Wọ́n ti so orí rẹ̀ mọ́ ara igi. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń retí rẹ̀. Màdáàmù náà dúró, torí Alhájà ti sọ fún un pé kó wo ohun tí ọkùnrin náà fẹ́ ṣe.

Adékànmí rìn lọ sídìí okùn. Ó nawọ́ sókè, ó dì í mú. Ó wá mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé tí òun bá fi lè ká ẹsẹ̀ nílẹ̀, tí okùn yẹn bá já, ìdí òun ló máa ba ilẹ̀ lójú Alhájà, lójú Màdáàmù, lójú àwọn máígádì tó máa ń rẹ́rìn-ín. Kò ní ṣèṣe. Ìṣubú tí kò ju orúnkún lọ ni. Ìyẹn ló ń sá fún.

Ó tú ọwọ́ sílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

"Ẹ̀yìn mi," ó ní. "Àtàná ló ti ń dùn mí."

Ohùn tó fi sọ ọ́ ò dún bíi tirẹ̀. Ó retí kí ẹnì kan já a nírọ́. Kò sẹ́ni tó já a nírọ́. Ebikabowei, tó ti ń de bẹ́líìtì, wò ó tàánútàánú.

"Ẹ sinmi, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ tọ́jú ẹ̀. Ó ti tó mi." Ó sì gun igi lọ.

Ẹ ò rí ayé? Ara tirẹ̀ ò ṣeé fi rọ̀ mọ́ okùn náà níwọ̀n orúnkún, ti ọmọ ọlọ́mọ ló wá ṣeé gbé sókè níbi tí ẹyẹ ń sùn. Ó sì rò ó o. Kì í ṣe pé kò rò ó. Bó ṣe wé okùn mọ́ ìdí igi, tó sì ń dẹ ẹ́ fún Ebikabowei díẹ̀díẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó wà lórí ahọ́n rẹ̀ ni "sọ̀ kalẹ̀", ẹnu rẹ̀ ò sì là. Ìtìjú ti lẹ̀ ẹ́ pa. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ sọ ọ́, á rí ojú Alhájà tó ń rẹ́rìn-ín, á gbé e mì.

Ebikabowei gé ẹ̀ka tó wà lórí òrùlé. Ó ṣe é dáadáa. Ayùn ń ké, ìyẹ̀fun igi ń rọ̀ sílẹ̀, wọ́n ń so ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sọ̀kalẹ̀ láìkan páànù. Adékànmí wo okùn tó kù nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ibi burúkú náà ṣì wà nínú èyí tó ká sílẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí iṣẹ́ parí. Ọlọ́run tún ti yọ òun, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rò ó.

Ìgbà yẹn ni Màdáàmù nawọ́ sí ẹ̀ka mìíràn, èyí tó na jìnnà kọjá tánǹkì omi. Ó ní ṣé wọ́n lè bá òun mú ìyẹn náà kúrò. Alhájà ní kò sí wàhálà. Ó pariwo rẹ̀ sókè fún Ebikabowei, Ebikabowei gbé àtàǹpàkò sókè, ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sórí ẹ̀ka náà, ó ń lọ, ó ń jìnnà.

Okùn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Èyí tó ká sílẹ̀ ń dín kù. Adékànmí ń dẹ ẹ́. Lójijì, ó kàn án. Ó wọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó pẹlẹbẹ, ó rọ̀. Tó bá dẹ ẹ́ sí i, okùn náà á gòkè, á lọ jókòó sórí ẹ̀ka tí gbogbo ìwọ̀n Ebikabowei wà lórí rẹ̀, níbi tó ti ń ha ara igi.

Ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ ọn, kò dẹ ẹ́ mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," Ebikabowei pè látòkè, "ẹ dẹ okùn."

Adékànmí tún tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dẹ ẹ́ sí i. Ó ń fà mí sẹ́yìn."

"Adékànmí, kí ló dé?" Alhájà béèrè. "Ṣé ẹ̀yìn yẹn ni? Ẹ bá a dì í mú." Ọkùnrin kan nínú àwọn tó ń kó ẹ̀ka sì ń bọ̀ láti gba okùn náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Má fọwọ́ kàn án," Adékànmí ní. Omi ti ń dà lójú rẹ̀, kò sì mọ̀. Ó gbójú sókè. "Ebikabowei, pa ayùn. Dì mọ́ igi. Má fara rọ okùn, jọ̀ọ́. Má fara rọ̀ ọ́ rárá. Kò dáa. Okùn náà ò dáa."

Ariwo ayùn dákẹ́. Ebikabowei ò béèrè ìdí. Ó fi ikùn lé ẹ̀ka, ó gbá a mọ́ra, ó sì ń rọra fà padà sẹ́yìn títí tó fi kan ara igi. Wọ́n gbé àkàbà tó gùn jù lọ tì í, wọ́n dì í mú nísàlẹ̀. Ó pẹ́ kó tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀.

Nígbà náà ni gbogbo wọn yíjú sí Adékànmí. Ó ṣì di ibi burúkú náà mú.

"Mo yá àna mi," ó ní. "Wọ́n fi fa tìrélà nínú gọ́tà."

Alhájà ò pariwo. Ì bá dáa kó pariwo. "Ìgbà wo lo mọ̀ pé ó ti bàjẹ́?"

"Láti àná, Alhájà."

"Láti àná." Ó tún un sọ bí ẹni tó ń kọ́ èdè tuntun. "Mo sì dúró níbí, mò ń fi ẹ́ yangàn."

Màdáàmù Lilian wo igi, ó wo Ebikabowei, ó wo Adékànmí, ó sì wọlé lọ. Ilẹ̀kùn rẹ̀ rọra pa dé. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń kó ẹ̀ka bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ṣebí nítorí àkàbà ni wọ́n ṣe lé Ifeanyi lọ, ẹnì kejì rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún un, ó dákẹ́. Adékànmí gbọ́ ọ. Ó tẹrí ba, ó ń wo bàtà rẹ̀. Kò rójú gbé sókè.

Ebikabowei ló gbà á sílẹ̀. Ó jókòó sídìí igi, ó ń mu omi inú ọ̀rá. "Alhájà, ẹ má bínú sí wọn," ó ní. "Wọ́n sọ ọ́ kó tó já. Ẹlòmíràn ì bá dákẹ́ kó máa wò mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Adékànmí lára ju èébú lọ. Ó mú ọ̀bẹ, ó gé okùn náà níbi tó ti pẹlẹbẹ. Inú rẹ̀ ti dúdú, àwọn fọ́nrán àárín ti já jálajàla, awọ ìta nìkan ló ṣì so wọ́n pọ̀. Ó fi han Alhájà. Alhájà wò ó, ó ní kí wọ́n kó ẹrù sọ́kọ̀. Kò bá Adékànmí sọ̀rọ̀ mọ́ lójú ọ̀nà. Ó já wọn sílẹ̀ níbi tó máa ń já wọn sílẹ̀, ó sì lọ.

Ó ku òun àti Ebikabowei, torí ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà wọlé. Ajégúnlẹ̀ ń hó bó ṣe máa ń hó lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, iná ti ń tàn ní àwọn ìsọ̀, jẹnẹrétọ̀ ń dún níhìn-ín lọ́hùn-ún. Adékànmí gbé ayùn tó wúwo jù lọ lé èjìká. Ó ti sọ pé kó má bínú, ó sì ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ebikabowei ti ní kò sí nǹkan, àna ni àna, òun náà ní àna.

"Mo rí i láàárọ̀," Ebikabowei ní lójijì. "Dúdú yẹn. Nígbà tí mò ń ta okùn mọ́ bẹ́líìtì. Mo ní kí n béèrè. Mo tún ní ẹ̀gbọ́n ti rí i kí n tó rí i, tó bá burú, wọ́n ò ní jẹ́ kí n gùn ún." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ gbé ayùn yẹn wá, jọ̀ọ́. Ẹ̀yìn tó ń dùn yín, ẹ tún ń gbé nǹkan lé e."

Ó ti gbà á kúrò léjìká rẹ̀ kó tó lè kọ̀. Ó gbé e lé tirẹ̀, ó sì ń lọ níwájú. Ó ń sọ fún un pé obìnrin kan tó ń ta òróró tí wọ́n fi ń pa ẹ̀yìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn, pé òun á bá a rà á wá tí ilẹ̀ bá mọ́.

Adékànmí dúró. Ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ohun tó sọ lójú gbogbo èèyàn lábẹ́ igi ò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀, òun nìkan ló sì mọ̀. Tó bá dákẹ́ báyìí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Ó wo èjìká ọmọ náà lábẹ́ ayùn.

"Ebikabowei. Ẹ̀yìn ò dùn mí."

Ebikabowei yíjú padà, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. "Ó ti lọ?"

"Kò dùn mí rárá. Láàárọ̀ gan-an, kò dùn mí. Mo mọ̀ pé okùn náà lè já, mi ò sì fẹ́ kó já mọ́ mi lọ́wọ́ lójú wọn. Ni mo ṣe ní ẹ̀yìn ń dùn mí."

Oníkẹ̀kẹ́ kan tẹ fèrè lẹ́yìn wọn, ó yà gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Ebikabowei ò yà. Ó ń wò ó. Ẹ̀rín náà pẹ́ lójú rẹ̀ kó tó kúrò, bíi pé kò tètè gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ayùn náà kalẹ̀ sẹ́sẹ̀ Adékànmí, jẹ́jẹ́, ó sì kọ ojú eyín rẹ̀ sí ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní fẹsẹ̀ kọ ọ́.

"O sì jẹ́ kí n gùn ún," ó ní.

Ó yà sí ọ̀nà ilé rẹ̀. Adékànmí dúró ti ayùn náà láàárín ọ̀nà, àwọn èèyàn ń yà fún un, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ń kí i pé Bàbá Aláyùn, ẹ kú iṣẹ́.